Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin Lẹ́yìn Rélùwéè

Nígbà tí mo dé, wọ́n gba bẹ́líìtì mi,
wọ́n gba abẹ ìfárùngbọ̀n, wọ́n gba okùn bàtà.
Nọ́ọ̀sì Fadérera tú etí ṣòkòtò mi,
ó rí tiramadọ́ọ̀lù méje tí mo rán mọ́ ibẹ̀.
Kò bú mi. Ó kà wọ́n lójú mi,
ó kọ "méje" sínú ìwé,
ó ní, "Bàbá, ẹ mà mọ abẹ́rẹ́ lò o."

Ẹ̀yìn ojú irin l'Óṣogbo ni ilé náà wà,
ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún.
Ó jọ bárékè. N ò sọ fún wọn.
Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀:
ṣọ́jà mẹ́jọ, ọmọ ogun ojú omi méjì,
àti awakọ̀ tó ń kó òkú láti Bámà dé Máídúgùrì
títí imú rẹ̀ fi kọ ẹran.
Ilé aládàáni ni, owó la fi ń sùn.
Ṣìjúadé ta ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fún un ní Ìlobùú
kí n lè rí bẹ́ẹ̀dì kẹrin.
Owó ìfẹ̀yìntì mi ṣì wà l'Ábùjá,
ó tò sórí ìlà.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.
Ogun tó ti parí ńkọ́?
Ó bá mi wọkọ̀ láti Máídúgùrì,
kò sanwó.
Bí òjò bá kọ́kọ́ kán lu páànù,
mo ti wà lábẹ́ tábìlì ní Òkè-Báálẹ̀,
ọbẹ̀ gbígbóná ti dà sí Ìbídùn lápá.
Àpá náà gùn dé ìgbúnwọ́.
Òun ni kò jẹ́ kí n sọ pé n ò ní í wá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo gbọ̀n bí aṣọ tí wọ́n sá sínú ọyẹ́.
Mo bú nọ́ọ̀sì. Mo bẹ ọlọ́dẹ
pé kó bá mi wá ẹyọ kan, ẹyọ kan péré.
Kọ́pùrà Ọláìítán, ará bẹ́ẹ̀dì kẹta,
ló di ẹsẹ̀ mi mú mọ́jú.
Òun náà ń gbọ̀n.

Láràárọ̀ wọ́n á pe orúkọ wa.
Bí wọ́n bá pe tèmi, màá dákẹ́.
Àárín orúkọ kan sí èkejì
ni mo ti ń gbọ́ Bítírúsì, ọmọ Bíú,
ẹni tó ti wà nínú iyanrìn lọ́dún mẹ́sàn-án,
mo sì ń jẹ́ ẹ fún un: "Ó wà, sà!"
Èmi ló yẹ kí n ṣọ́nà lóru ọjọ́ náà.
Mo ní inú ń run mí.
Inú ò run mí.
Ó ní, "Sùn, màá bá ọ dúró."

Fadérera ò ní kí n gbàgbé.
Ó gbé ìwé wá, ó ní,
"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀?"
Mo kọ ọ́. Lẹ́tà náà wọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n pe Bítírúsì.
Ọláìítán wo ilẹ̀.
Mo ní, "Kò sí."
Wọ́n pe Gbádégẹṣin.
N ò tètè dáhùn. Adìẹ kan ń walẹ̀ lábẹ́ fèrèsé,
ẹ̀rọ ìlọta kan ń pariwo ládùúgbò.
Mo ní mo wà.

Lóru, ọkọ̀ ojú irin kọjá, bẹ́ẹ̀dì mì.
Ọláìítán ní, "Rélùwéè ni."
Mo ní mo mọ̀.
Síbẹ̀, àwa méjèèjì ò sùn mọ́.

Ṣìjúadé ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tòun tọmọ.
Mo ti ránṣẹ́ sí i:
kó má wọ aṣọ alápá gígùn fún un.